ÌDÍLÉ ONÍGBÀGBỌ́: Òkúta Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jóṣúà 4:1-7

 

Ní Lọ́ńdọ̀nù tí à ń gbé, àwọn àgbàlagbà òyìnbó a máa kọ́ rélùwéè kékeré sínú yàrá, pẹ̀lú ilé àti igi kéékèèké. Eré ọmọdé ni mo kà á sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Wilbert Awdry, ẹni tí ó kọ ìtàn Thomas, ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn. Ọdún 1943 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Òun náà kọ́ rélùwéè kékeré tirẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, bẹ̀ mí, mo ra ọ̀kan fún un. Ó ní, "Dádì, ìlú wo ni ọkọ̀ wa ń lọ?" Mo ní Abẹ́òkúta ni, nítorí ibẹ̀ ni a gbé bí mi, ibẹ̀ sì ni rélùwéè tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní 1896 gbà dé Ìbàdàn ní 1901.

Ọkọ̀ tiwa yìí, ìdá kan nínú 76 ọkọ̀ gidi ni. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí kọ́ ìlú, kìlómítà 1 yóò gba mítà 13, tábìlì wa kò sì ju mítà 2 lọ. Nítorí náà, ohun tí ó bá jìnnà ní láti di àwòrán lára ògiri lẹ́yìn tábìlì. A ṣí Google Earth láti wo bí ìlú ṣe rí.

Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, tí a bá dúró ní tẹ́ṣàn Láfẹ́nwá, apá ibo ni Olúmọ wà?" N kò lè dáhùn! Mo ti pẹ́ ní òkè òkun, n kò sì jókòó sọ ìtàn ilé fún un rí.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àyìndé, o ti gbàgbé? Òdìkejì odò Ògùn ni." Wọ́n wá ń sọ bí àwọn ṣe máa ń gbé àkàrà àti ẹ̀kọ sókè sí ojú fèrèsé ọkọ̀ fún àwọn èrò, tí ọkọ̀ á gbéra kí wọ́n tó gba owó tán. Ọmọ mi ń gbọ́. Èmi pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

Iṣẹ́ wa àkọ́kọ́ kò dára. Àwòrán tí a yà láti òkè ni a lẹ̀ mọ́ ògiri, òrùlé nìkan ni a sì ń rí, bí ìgbà tí àwòdì bá ń wo ilẹ̀. Ohun tí a kọ́ nìyí. Àwòrán ilẹ̀ wà láti fi mọ ibi tí nǹkan wà àti bí ó ṣe jìnnà tó. Fọ́tò tí ènìyàn dúró lórí ilẹ̀ yà ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri. Àbúrò mi bá wa yà á ní ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, kí òjìji má baà le, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan wọ inú èkejì kí a lè so wọ́n pọ̀. Ẹ dín àwọ̀ ohun tí ó jìnnà kù, bí ìgbà ọyẹ́. Ẹ lo bébà tí kì í dán. Ẹ to igi àti ilé kéékèèké síbi tí tábìlì ti pàdé ògiri, kí ojú má rí oríkèé. Bí ẹ bá sì rí fọ́tò oní-fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Olè ni olè í jẹ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣé òkúta tí wọ́n ń bọ ni onígbàgbọ́ gbé sílé?" Rárá o! A kò bọ ọ́. Abẹ́ òkúta náà ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, tí wọ́n fi tẹ ìlú dó ní 1830. Ọlọ́run tí ó dá òkúta ni ó pa wọ́n mọ́, ohun tí mo sì sọ fún ọmọ mi nìyẹn.

Ẹ wo Jóṣúà. Kò kó òkúta 12 jáde nínú Jọ́dánì fún ẹwà. Ó kó wọn jáde kí àwọn ọmọ lè béèrè, kí àwọn bàbá sì ní èsì. Ọ̀pọ̀ wa ni ọmọ kò ní nǹkan tí yóò béèrè nípa rẹ̀, nítorí a kò gbé òkúta kankan síwájú wọn. Fóònù nìkan ni a gbé lé wọn lọ́wọ́, a sì bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí a parí, a fi àwòrán wa han ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Olúmọ yín ti kéré jù." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà fún un. Ó ṣe "Àmín" sí gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ àmúrelé: Kí oṣù yìí tó parí, jókòó ti ọmọ rẹ, ṣí àwòrán ilẹ̀, fi ìlú rẹ hàn án. Sọ ohun kan tí Olúwa ṣe fún ìdílé yín níbẹ̀. Bí òbí rẹ bá wà láàyè, pè wọ́n lónìí. Má dúró di ọ̀la.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí ìtàn oore Rẹ kú mọ́ mi lẹ́nu. Ní orúkọ Jésù. Àmín.