Bẹ́ńṣì Gbọ̀ngàn Wa: Kí A Kàn Án Fúnra Wa, Kí A Sì Sanwó Káfíńtà

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń fi ìdí lé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ owó oṣù náà ni.

Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé tó kọjá ló mọ ohun tí ojú wa rí. Àga rọ́bà tó ṣẹ́kù nínú gbọ̀ngàn kò ju 18 lọ, okùn ni a sì fi so ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọn ṣe ń lọ fara ti ògiri fún bíi wákàtí méjì. Ìyá kan nínú wọn, tó ṣiṣẹ́ fún ọdún 30 kó tó lọ sinmi, jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí a so lókùn. Ẹsẹ̀ àga yà, ìyá ṣubú yakata. Ọpẹ́ ni pé eegun kankan kò ṣẹ́. Ìyá fúnra wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí nǹkan. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti ní kí a tún ra àga rọ́bà mìíràn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Alága àti Akápò, a kò fara mọ́ ọn. Àga rọ́bà wà fún ìnáwó tí a ń tẹ́ ní ọ̀sán tí a ń ká ní alẹ́. Oòrùn a máa jẹ ẹ́, a sì máa fọ́. Bó bá ti fọ́, kò sí àtúnṣe, ààtàn ló ń lọ. Bẹ́ńṣì igi, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá bàjẹ́, a ó ṣe ẹsẹ̀ mìíràn sí i. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí owó náà di pákó, kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ sì kan bẹ́ńṣì ní ilé wa, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹnu lásán ni a fi ń ṣiṣẹ́. A ti dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan nínú wa. Àkọ́kọ́ tí a kàn kò dára rárá. Nígbà tí ènìyàn mẹ́rin jókòó sí i, ó ń jó bí ẹni gbọ́ bàtá. Ìṣó nìkan ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Ìṣó tí a gbá wọ orí pákó, níbi tí ayùn ti gé e, àárín fọ́nrán igi ló gbà wọlé, kò rí ohun tí yóò dì mú. Bí ẹ ti ń jókòó tí ẹ ń dìde ló ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá káfíńtà kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa kó tó fẹ̀yìntì, wá wò ó, ó mi orí, ó ní: "Ẹ̀yin akọ̀wé, ilé adìyẹ lẹ kàn yìí."

Bàbá ló kọ́ wa pé kí a yà á sórí ìwé kí a tó fọwọ́ kan ayùn. Pákó tí a ń rà ní ìsọ̀ sáábà máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ mú èyí tó nípọn ínǹṣì 2, tó sì fẹ̀ ní ínǹṣì 6, ẹ gé e sí méjì, ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ìjókòó bẹ́ńṣì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 dé nìyẹn, kò sí èyí tó ṣòfò. Ẹnì kan gba ínǹṣì 18, nítorí náà ènìyàn mẹ́rin ni yóò jókòó láìgbún ara wọn nígùn-únpá. Kí gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 18, nítorí orúnkún àwọn àgbà. Bẹ́ńṣì tó bá lọ sílẹ̀ jù, jíjókòó sí i rọrùn, dídìde ni iṣẹ́. Tiwa kò ní ẹ̀yìn, nítorí náà ara ògiri ni kí a tò ó sí, kí ẹni tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ohun fẹ̀yìn tì nínú ìpàdé.

Ẹ má ṣe kan pákó méjèèjì náà pọ̀ típẹ́típẹ́. Ẹ fi àlàfo kékeré sí àárín wọn. Ìbú igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Pákó fífẹ̀ tí a bá kàn mọ́lẹ̀ gírígírí lápá méjèèjì, ọyẹ́ ni yóò là á.

Ní ti ẹsẹ̀, Bàbá ní kí a gbàgbé ìṣó. Ihò ni a gbẹ́ sí ẹsẹ̀, a gé orí igi ìdábùú tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n, a fi gúlúù sí i, a tì í bọ ihò náà, a wá fi èèkàn igi tín-ínrín kàn án láti ẹ̀gbẹ́. Igi gígùn kan tún gba ìsàlẹ̀ láti ẹsẹ̀ ìhín dé ẹsẹ̀ ọ̀hún. Òun ni kò jẹ́ kí bẹ́ńṣì jó mọ́.

Ìrókò dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti ju agbára àpò ẹgbẹ́ lọ. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá, àmọ́ ẹlẹ́tàn ni, kòkòrò kì í pẹ́ sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni a fi ṣe tiwa; ó wúwo, ikán kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún eruku o. Láti 1995 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá jẹjẹrẹ inú imú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti fá pákó, kí ẹ lo ìbòmú, kí àwọn ọmọ sì jìnnà síbẹ̀.

Nígbà tí a kan èkejì tán, tó dúró gbọningbọnin, inú wa dùn, a ní kí Bàbá wá máa kọ́ àwọn ọ́fíìsì yòókù. Ó ní: "Mo ti gbọ́. Èló ni ẹgbẹ́ fẹ́ san?" Ojú tì wá. A ti ń sọ láàárín ara wa pé nígbà tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kò ní gba owó. Àwa tí a ń bá ìjọba fà á lójoojúmọ́ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, àwa náà la fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́!

Àwọn kan ti bi wá pé, bí a bá máa sanwó káfíńtà, kí ló dé tí a kò kúkú gbé gbogbo rẹ̀ fún un? Ìbéèrè gidi ni. Fífá pákó, fífi sáńpépà ra á, kíkùn ún àti gbígbé e ló ń jẹ wákàtí, ẹnikẹ́ni nínú wa ló sì lè ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Gbígbẹ́ ihò àti gígé ahọ́n igi ló gba ìmọ̀. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, igi ti ṣòfò. Èyí ni kí a sanwó rẹ̀ fún káfíńtà, iye tó ń gbà lójúmọ́ lóde gan-an, kì í ṣe owó "ẹ gbà, ẹ fi mu omi". Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá bẹ́ńṣì kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà gùn ún láti lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Bẹ́ńṣì wa wà ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn báyìí, ẹ wá jókòó sí i kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́. Owó ojúmọ́ méjì tí Bàbá fi bá wa ṣe é ṣì wà lọ́rùn wa. Àwa tí a ń kọ ojú-ewé yìí ni yóò san án láti àpò ara wa. Ti àwọn bẹ́ńṣì tó ń bọ̀, a fẹ́ kó wọ ìwé Akápò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó túká.