Èèpo Ekùrọ́ Kì í Ṣe Ohun Ìdànù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ Ṣáṣá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, nítorí tòmátò àti ata. Ohun tí a fẹ́ sọ kò sí lórí àtẹ ọjà. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà, ní àwọn abúlé Akínyẹlé àti Làgelú: òkìtì èèpo ekùrọ́ níbi tí àwọn obìnrin ti ń pa ekùrọ́, àti èèpo kòkó tí ń jẹrà nínú oko. Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ a máa fi èèpo ekùrọ́ dáná. Lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ń dà nù.

Irú èèpo báyìí ni a lè sọ di ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní activated carbon, èyí tí àwa yóò pè ní èédú àtúnṣe. Kì í ṣe èédú tí a fi ń yan àgbàdo. A ó fọ́ èèpo gbígbẹ sí wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì, a ó sì fi iná yan án nínú ìkòkò irin tí a dé pa, ní ìwọ̀n ooru 400 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn náà ni a ó fọ̀ ọ́ léraléra títí ásíìdì yóò fi tán lára rẹ̀. Ásíìdì yìí ni ó ń la ihò tí ojú kò lè rí sí ara èédú náà. Bí a bá tẹ́ ògiri ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè ju 500 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni àwọ̀, òórùn àti oríṣiríṣi májèlé inú omi ti ń há sí. Ní 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n tọ́jú kóró èso fún irú èédú yìí, kí àwọn ọmọ ogun lè fi gba ara wọn lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ olóró.

Síbẹ̀, òkè òkun ni Nàìjíríà ti ń ra èédú àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ekùrọ́ ṣe wá láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: a kó o lọ ní àpò, ó padà wá di ọṣẹ inú páálí, a sì tún fi owó rà á.

Àwọn kan yóò ní ásíìdì wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eérú èèpo kòkó, tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ omi rẹ̀ láti fi ṣe ọṣẹ dúdú, ní pọ́táàṣì nínú, pọ́táàṣì yìí náà sì lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tirẹ̀ ní láti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni láti wo èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti 1948, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ sì ti wà ní Òṣòdì láti 1956. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pè wọ́n, kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Ṣáṣá, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tí ń pa ekùrọ́ sì ní ìpín nínú rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé ásíìdì sí ìdí ààrò o! Èédú yìí kò sì ń pa kòkòrò àrùn. Omi kànga ṣì ní láti hó lórí iná kí a tó mu ún.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èédú àtúnṣe tí a ti ṣe tán han àwọn ọmọ yín, bí ó ti ń gba àwọ̀ aró kúrò nínú omi. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ mú un dé ìdí òkìtì náà, kí ẹ bi í pé ọdún wo ni ilé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, àti pé èló ni wọn yóò máa ra apẹ̀rẹ̀ èèpo kan lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí.