Ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́: Ta ló ń san owó ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Accra?

Ọdún 2016 ni òfin sọ Accra Polytechnic di Accra Technical University, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ lè máa ti ibẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀hún kò ṣeé kọ́ tán ní yàrá ìkàwé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lọ ṣe ìdánrawò ní ilé iṣẹ́, títí dé Tema, ìlú tí èbúté rẹ̀ ti ń gba ọkọ̀ ojú omi láti 1962.

Owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ ni ìṣòro. Bí ilé iṣẹ́ kò bá san nǹkan kan, ọmọ tálákà á wá ibi tó sún mọ́lé, bí kò tilẹ̀ ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ níbẹ̀. Ètò SIWES ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ní owó ìrànwọ́, bó tilẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé. Ghana lè ṣe jù bẹ́ẹ̀: kí ilé iṣẹ́ tó gba akẹ́kọ̀ọ́ máa san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.