Ẹni Tí Iná Gbé Tí Kò Kú

Bí iná bá gbé èèyàn ní àdúgbò wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo wa: ṣé ó kú? Bí kò bá kú, a ó dúpẹ́, a ó fún un ní mílíìkì mu, onílé á ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná, ó parí. Ìwé yìí ń jà fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò parí fún.

Mo wà lára wọn. Wáyà ìsáṣọ ni mo dì mú. Wáyà iná tó ti bó ló kàn án lẹ́yìn ilé. Mi ò lè jù ú sílẹ̀. Iná 230 fóltì tí à ń lò nílé máa ń mú kí iṣan ọwọ́ súnkì mọ́ ohun tó bá dì mú, bí olúwarẹ̀ tilẹ̀ ń pariwo. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi oògùn pa ojú ọgbẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò yẹ ọkàn mi wò. Àpá náà kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n títí dòní ìka méjì ò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù, mo sì ń ta jí lóru.

Awọ ara kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú. Iná lè jó ẹran inú nígbà tí òde ṣì ń dán. Ẹran tó jó ń da èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìtọ̀ tó dúdú ni àmì rẹ̀. Lílù ọkàn lè dàrú. Ẹni tí wáyà ńlá, 11,000 tàbí 33,000 fóltì, gbé lè ríran dáadáa lónìí, kí ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìgbàgbé, ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì tún lè tẹ̀ lé e. Wẹ́dà tí irú èyí bá ṣe kò ní lè súnmọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Ará ilé á ní ọ̀lẹ ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Èyí dùn mí ju ìka mi lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, wáyà ńlá já lu ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Kàlàbá. Iye òkú ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé. Àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, máa ń ka àwọn tó kú àtàwọn tó fara pa nínú ìròyìn rẹ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fara pa lónìí, tí wọ́n wá gé apá rẹ̀ lẹ́yìn náà ńkọ́?

Òfin iná ọdún 2023 jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè máa bójú tó iná fúnra wọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ yìí lọ́wọ́ NERC ní 2024. Àwọn la kọ́kọ́ ń ké sí. Kí wọ́n pa á láṣẹ pé ẹni tí iná gbé tó dákú, tàbí tí wáyà ńlá gbé, kò gbọdọ̀ kúrò nílé ìwòsàn láìyẹ ọkàn àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí wáyà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, kí ó san owó ìtọ́jú ẹni tí iná gbé fún ọdún kan gbáko, ti ojú, ti iṣan àti ti ìbẹ̀rù, kí ó sì máa jábọ̀ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kí onílé má gba owó ilé tí kò ní ẹ́ẹ̀tì tó wọlẹ̀ dáadáa, àti súìṣì tí í já fúnra rẹ̀ bí iná tó ń jò bá ti tó 30 mílíámpù.

Ilé iṣẹ́ iná àti onílé á ní owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹnì kan ń san án báyìí náà: ìyàwó wẹ́dà, tó ti ta ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ àwọn tí iná ti gbé ládùúgbò yín sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń ṣe wọ́n lónìí, kí ẹ sì mú un lọ bá aṣòfin yín.