Géèmù ọdún 1983 ṣì ń sáré, ti ọdún 2014 ti kú

1/
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa géèmù ọkọ̀ kan tó dàgbà ju èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Enduro lorúkọ ẹ̀. Larry Miller ló ṣe é, Activision sì gbé e jáde fún Atari 2600 lọ́dún 1983. Mo padà sídìí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan sì ń jẹ mí lẹ́nu látìgbà yẹn.

2/
Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe kéré tó. RAM inú Atari 2600 ò ju báìtì 128 lọ. Báìtì o, kì í ṣe megabyte! Ohun tí mo kọ sí nọ́ńbà 2 yìí nìkan ò lè gbà síbẹ̀.

3/
Síbẹ̀, ẹ wo nǹkan tí wọ́n fún wọn síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọjá ọkọ̀ 200 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Látìgbà náà lọ, ó di 300 lójúmọ́. Yìnyín á bo títì, ọkọ̀ ò ní fẹ́ gbọ́ràn mọ́. Ilẹ̀ á ṣú, iná ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ iwájú nìkan lẹ máa rí. Kùrukùru á dé, ọkọ̀ á kàn yọ sí yín lójijì.

4/
Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ wá fowó ra táyà tó dáa jù. Ojú yín àti ọwọ́ yín nìkan ni. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre.

5/
Lọ́dún 2013, tí DeepMind ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá gbá géèmù, Enduro wà lára géèmù Atari méje tí wọ́n fi dán an wò. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tó jáde, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

6/
Ẹ wá gbọ́ ti ìkejì. The Crew, géèmù ọkọ̀ tí Ubisoft gbé jáde lọ́dún 2014. Àfi kẹ́ ẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ gbá a. Ní March 31, 2024, wọ́n pa server ẹ̀. Ẹni tó fowó ara ẹ̀ ra díìsìkì, díìsìkì yẹn ò ṣí nǹkan kan mọ́.

7/
Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé owó ni wọ́n fi ń gbé server ró. Òótọ́ ni. N ò ní kí wọ́n máa sanwó títí ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn míì tá a lè gbà dá gbá a. Ẹni tó talé kì í padà wá ká òrùlé ẹ̀ lọ.

8/
Èmi nìkan kọ́ ló ń bínú o. Stop Killing Games bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Nígbà tó fi máa di 2025, àwọn tó buwọ́ lùwé nílẹ̀ Yúróòpù ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó sì kan àwa tá à ń ṣírò dátà ká tó ṣí fídíò.

9/
Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó géèmù, ẹ bi ara yín: tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ṣé á ṣí? Tí iléeṣẹ́ bá kógbá wọlé, ṣé ohun tí mo rà á ṣì wà lọ́wọ́ mi? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ yáa mọ̀: yíyá lẹ yá a, owó rírà lẹ san.