Ìyá Ọ̀dọ́langba: Ta Ló Ń Ronú Nípa Oyún Kejì?

Bí ọmọbìnrin ọdún 16 bá bímọ ní Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko, ìbéèrè tí ará ilé àti ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ló fún ọ lóyún?" Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: kí ni a ó ṣe tí oyún mìíràn kò fi ní dé kí ìyá ọmọ tó padà sílé ẹ̀kọ́ tàbí sẹ́nu iṣẹ́ tó ń kọ́?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ará ìlú ní 2018 fi hàn pé, nínú ọmọbìnrin 100 tí wọ́n wà láàárín ọdún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, 19 ló ti bímọ tàbí tó ti lóyún àkọ́bí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dámọ̀ràn pé kó tó ọdún 2, ó kéré tán, lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ èyí: ìyá ọlọ́mú kì í súnmọ́ ọkọ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Àṣà náà ti ń parẹ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò parẹ́.

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni ohun èèlò ìfètòsọ́mọbíbí láwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Síbẹ̀, ìtìjú ń dí ọ̀nà. Ọmọ náà ń bẹ̀rù pé nọ́ọ̀sì yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹni tó bá ṣe ètò náà kò ní bímọ mọ́, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni: bí wọ́n bá yọ ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi sábẹ́ awọ apá, obìnrin lè tún lóyún. Ló bá gba ilé kẹ́míìsì lọ ra oògùn pàjáwìrì, èyí tí a kò ṣe fún ìlò ìgbà gbogbo.

Àwọn kan ní ètò yìí dà bí àṣẹ láti ṣe ìṣekúṣe. Àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ìbáwí lè dúró; oyún kò ní dúró.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Ìyá yìí kan náà ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Kí àwọn alákòóso ìlera ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà rí i pé níbẹ̀ gan-an ni nọ́ọ̀sì ti pè é sí kọ̀rọ̀, kó ṣàlàyé fún un láìsí èébú, kó sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú. Ẹni tó wá nítorí ọmọ rẹ̀ kò yẹ kó padà sílé láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nípa ara tirẹ̀.