Kámẹ́rà Fídíò Lójú Àjò: Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀

Àríyànjiyàn kan ti wà láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí lítíréṣọ̀ alohùn. Àwọn kan ní kò sí ohun tí kámẹ́rà fídíò lè ṣe tí fóònù kò lè ṣe, pé ẹrù lásán ni ẹni tó gbé e rìnrìn àjò rù. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá ní kámẹ́rà kò tíì múra ìwádìí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó. Tibi-tire la dálé ayé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ohun tí ọlọ́jà kọ sára páálí.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ́yìn. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà ló gbé wa dé abúlé bàbá ọdẹ kan tí a ti gbọ́ pé ó mọ ìjálá sun dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló yá mi ní kámẹ́rà fídíò kékeré kan, irú èyí tí à ń fi ọwọ́ kan dì mú. Ọ̀rẹ́ mi ní fóònù tirẹ̀ tó òun.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àǹfààní rẹ̀. Èkínní, ìjálá kì í ṣe ohun tí à ń gé ní kéékèèké. Bàbá sun ìjálá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 kí ó tó béèrè omi. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tí ẹnì kan fi pe fóònù ọ̀rẹ́ mi, tí àwòrán sì gé. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀, fóònù ní àyè kò sí mọ́ nínú òun. Kámẹ́rà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní tirẹ̀. Bí a bá lo ìwọ̀n 17 Mbps, káàdì 32GB inú rẹ̀ yóò gba nǹkan bí wákàtí 4.

Èkejì, díńgí ojú kámẹ́rà lè fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí láìjẹ́ pé àwòrán bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó ilé ni mo jókòó sí, síbẹ̀ mo rí gbogbo ojú Bàbá. Ọ̀rẹ́ mi ń sún fóònù mọ́ ọn títí Bàbá fi dánu dúró, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ ti nǹkan yìí bọ̀ mí lẹ́nu ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò lè fi ọwọ́ tí ọdẹ ń jù àti bí ó ṣe ń mi orí hàn wá. Nígbà tí mo ṣí ojú kámẹ́rà kí Bàbá wo ara rẹ̀, ó wò ó títí, ó wá pariwo pé, “Háà! Mo fo oríkì ẹfọ̀n!” Ojú ẹsẹ̀ ló sun èyí tí ó fò náà fún wa.

Ẹ̀wẹ̀, àléébù rẹ̀ kò kéré. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú irú kámẹ́rà kékeré bẹ́ẹ̀ kò tóbi, nítorí náà òkùnkùn ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àwòrán wa rí bí ẹni pé a da gaàrí sí i lójú. Atẹ́gùn fẹ́, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn Bàbá mọ́lẹ̀. Èyí tí mo yà lórí ọ̀kadà kò ṣeé wò, òòyì ni ó ń kọ́ ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni iná mànàmáná kò fi sí. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ni a ti lọ sanwó kí bátìrì tó kún.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù kò sí nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá wọ yàrá, ó gbé ohun kan tí ó fi aṣọ wé jáde. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni, ọdún 1989 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹnì kan ló wá ya bàbá rẹ̀ nígbà náà, ẹni náà sì mú ìlérí ṣẹ, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sì sí òmíràn ní gbogbo abúlé. Ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Keje ọdún 2016. Bàbá ní, “Bàbá mi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i, n kò sì gbọ́ ọ. Ṣé tiyín náà kò ní dà bí èyí?” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń yí. Ní 1983, Sony gbé Betamovie jáde. Ní 1985, Handycam onítéèpù mìlímítà 8 dé. Ní 1995, téèpù DV kékeré dé. Ní 2006, Sony àti Panasonic gbé AVCHD kalẹ̀. Tuntun ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tirẹ̀. AVCHD náà ni kámẹ́rà tí mo yá ń lò: nígbà tí mo gbé e sórí fóònù ọmọ-ọmọ Bàbá, fóònù kọ̀, kò ṣí i. Ó di ìgbà tí mo padà dé ilé ẹ̀kọ́ kí n tó sọ ọ́ di MP4, tí mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kámẹ́rà fídíò yẹ ní gbígbé lọ sí àjò ìwádìí, ṣùgbọ́n kò yẹ ní gbígbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tó bá gbé e, kí ó mú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé e lé, bátìrì méjì àti gbohùngbohùn ọ̀tọ̀ dání. Kí ó pín iṣẹ́ náà sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ilé ẹni tó ni ohùn. Kí ó sì jókòó da ìjálá náà kọ sínú ìwé, nítorí pé ìwé kò béèrè bátìrì.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ wa. Bàbá kò gbà kí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò nílé, mi ò sì bá a wí, nítorí pé ẹni tó yá fọ́tò bàbá rẹ̀ nígbà kan kò dá a padà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí bá ní ẹ̀rọ VHS tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ bá Bàbá ní abúlé. Funfun bí ìyẹ̀fun ti ń hù lára téèpù náà, Bàbá pàápàá sì ti dàgbà. Kò yẹ kí a fi falẹ̀.